Ẹ̀rọ Aṣọ́gáàsì Tó Dákẹ́: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìtọ́jú àti Àtúnṣe Rẹ̀

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀gá lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́, mo kí yín o. Ẹ kú ìjókòó. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ gáàsì tó lè gbaná, bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀, àti bí a ṣe ń wádìí ohun tó ń ṣe é nígbà tí kò bá ṣe dáadáa mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tó ká mi lára jù. Ẹ wo ẹ̀rọ kan lára ògiri. Iná rẹ̀ tó ní àwọ̀ ewé ń tàn, odo ló wà lójú rẹ̀, kò sì pariwo láti ọjọ́ pípẹ́. Kí ni ẹ lè sọ nípa ibẹ̀? Ọ̀pọ̀ nínú yín á ní kò sí gáàsì. Èmi ò lè sọ bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ pé kò sí gáàsì lóòótọ́. Ó sì lè jẹ́ pé sẹ́ńsọ̀ inú rẹ̀, ìyẹn apá tó ń gbọ́ gáàsì, ti kú, tó fi jẹ́ pé bí gáàsì bá tiẹ̀ kún yàrá náà dé òrùlé, odo yẹn ni yóò máa kọ. Ojú kan náà ni méjèèjì ní. Ọlọ́dẹ tó dákẹ́ lóru, bóyá ó lajú sílẹ̀ ni o, bóyá ó ti sùn lọ ni o, ẹni tó wà nínú ilé kò lè mọ̀ àfi tó bá pè é kó dáhùn. Bí a ṣe ń pe ẹ̀rọ aṣọ́gáàsì ni pé kí a fún un ní gáàsì. Orí ìyẹn ni gbogbo ohun tí mo bá sọ lónìí dúró lé.

Àwọn tó ń wa èédú nínú ihò ilẹ̀ wà lára àwọn tó kọ́kọ́ nílò irú nǹkan báyìí. Ní 1815, Humphry Davy, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe fìtílà kan tó fi àwọ̀n wáyà tí ojú rẹ̀ há yí iná rẹ̀ ká. Gáàsì methane tó bá wọ inú fìtílà náà á jó níbẹ̀, iná á ga sí i, àwọ̀ búlúù á yọ lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọ̀n yẹn kò ní jẹ́ kí iná jáde lọ bá gáàsì tó wà níta. Bí afẹ́fẹ́ ọ́ksíjìn bá sì dín kù, fìtílà á kú. Ẹ kíyè sí ìyẹn dáadáa: nígbà tí fìtílà Davy bá kú, ẹni tó gbé e dání á mọ̀ lójú ẹsẹ̀, torí òkùnkùn á bò ó. Láàárín 1926 sí 1927, Oliver Johnson tó ń bá ilé-iṣẹ́ epo kan ṣiṣẹ́ ní California ṣe ẹ̀rọ tó ń fi iná mànàmáná àti wáyà platinum wọn gáàsì. Ẹ̀rọ náà peye ju fìtílà lọ, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó lè kú kí ojú rẹ̀ má yàtọ̀. Àbùkù yẹn ṣì wà lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí à ń lò títí di òní.

Kí a tó tẹ̀ síwájú, ẹ jẹ́ ká fẹnu kò lórí nọ́ńbà tó ń hàn lójú ẹ̀rọ, torí ọ̀pọ̀ ló ń ṣì í kà. Gáàsì kì í gbaná àfi tó bá pò mọ́ afẹ́fẹ́ ní ìwọ̀n kan. Tó bá kéré jù, kò ní jó. Tó bá pọ̀ jù, kò ní jó. Methane máa ń gbaná láti nǹkan bí 5% títí dé 15% nínú afẹ́fẹ́. Propane ti bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 2%. Hydrogen ní tirẹ̀ le púpọ̀: láti 4% títí dé 75%. Ibi tí gáàsì ti bẹ̀rẹ̀ sí í lè gbaná yẹn ni à ń pè ní LEL. Odo sí ọgọ́rùn-ún tí ẹ̀rọ ń kọ, ìdá LEL ni, kì í ṣe ìdá afẹ́fẹ́ inú yàrá. Ẹ̀rọ tí a fi methane tò, tó bá kọ 50, kò túmọ̀ sí pé ààbọ̀ yàrá ni gáàsì. Nǹkan bí 2.5% ló wà níbẹ̀, ìyẹn ìdajì ọ̀nà dé ibi tí yóò ti gbaná.

Àwọn ìlànà kan, bíi ti IEC, àjọ àgbáyé tó ń ṣe ìlànà fún ohun èlò iná mànàmáná, gba 4.4% gẹ́gẹ́ bí LEL fún methane, àwọn mìíràn gba 5%. Mo mọ̀ pé ó dà bí ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó máa ń dé orí tábìlì àtúnṣe. Sílíńdà gáàsì ìdánwò tó ní 2.5% methane, 50% LEL ni lójú ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe pẹ̀lú 5%, ó sì máa fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 57 lójú ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe pẹ̀lú 4.4%. Mo ti rí oníṣẹ́ tó fi gbogbo òwúrọ̀ bá ẹ̀rọ jà nítorí nọ́ńbà méje yẹn, tí kò sí nǹkan kan tó ṣe ẹ̀rọ náà.

Áláàmù àkọ́kọ́ sábà máa ń wà ní 10% tàbí 20% LEL. Ìdí tí wọ́n fi fi í síbẹ̀ ni pé kí èèyàn ráyè jáde, kí ó sì ráyè ti fáàfù. Ẹni tó bá gbé e lọ sí 40 nítorí pé ariwo rẹ̀ ń yọ òun lẹ́nu, ààyè sísá tirẹ̀ àti ti ẹlòmíràn ló ń gé kúrú.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká tú u. Sẹ́ńsọ̀ tó wọ́pọ̀ jù nílé-iṣẹ́ ni pellistor. Ìlẹ̀kẹ̀ kékeré méjì ló wà nínú rẹ̀. Wáyà platinum tín-ín-rín ni wọ́n ká, wọ́n fi èròjà alumina tó dà bí amọ̀ bò ó. Ọ̀kan nínú ìlẹ̀kẹ̀ méjèèjì ní kátálísì lára, èyí tó ń mú kí gáàsì jó lára rẹ̀ láìjẹ́ pé iná yọ. Èkejì kò ní in. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kó máa bá ojú ọjọ́ lọ, kí ooru àti ọ̀rinrin má baà ṣi èkíní lọ́nà. Iná mànàmáná ń mú kí àwọn méjèèjì gbóná tó nǹkan bí 500°C. Bí gáàsì bá dé, ó jó lára ìlẹ̀kẹ̀ tó ní kátálísì, ìlẹ̀kẹ̀ náà tún gbóná sí i, wáyà inú rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dènà iná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ fi èkíní wé èkejì, ìyàtọ̀ tó rí ló ń sọ di nọ́ńbà lójú rẹ̀.

Ẹni tó bá mọ èyí, ó ti mọ ìdajì àìsàn tí yóò máa bá pàdé. Ṣebí jíjó ni gáàsì ń jó nínú sẹ́ńsọ̀ yìí? Jíjó kò ṣẹlẹ̀ láìsí ọ́ksíjìn. Nínú táńkì tí wọ́n ti fi nitrogen lé afẹ́fẹ́ kúrò, pellistor á kọ odo, ó sì lè jẹ́ gáàsì ló kún ibẹ̀. Bí ọ́ksíjìn kò bá tó nǹkan bí 10%, ohun tó bá kọ kò ṣeé gbára lé. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó fẹ́ wọ ibi tó há fi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo ọ́ksíjìn kó tó wo LEL.

Ewu kan tún wà tó jọ ọ́. Bí gáàsì bá pọ̀ kọjá ìwọ̀n, ọ́ksíjìn kò ní tó tí yóò fi jó. Nọ́ńbà á fò sókè fíò, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, ó sì lè padà sí odo. Ẹni tí kò wo ojú ẹ̀rọ nígbà tó ń gòkè, odo nìkan ni yóò bá. Àwọn ẹ̀rọ òde òní máa ń di áláàmù mú nígbà tí nọ́ńbà bá kọjá ọgọ́rùn-ún, kí ó má lè wálẹ̀ títí èèyàn yóò fi gbé e jáde síbi afẹ́fẹ́ tó mọ́, tí yóò sì tẹ bọ́tìnì. Ẹ má ṣe tẹ bọ́tìnì yẹn nínú yàrá tó ti dún.

Ẹ wá gbọ́ ti májèlé. Kátálísì ara ìlẹ̀kẹ̀ yẹn lè kú, ohun tó sì máa ń pa á jù ni sílíkóònù. Ó wà nínú gírísì, nínú sípíréè tí wọ́n fi ń mú kí rọ́bà yọ̀, nínú pólíìṣì, nínú ohun tí wọ́n fi ń dí etí fèrèsé, kódà nínú ìpara ọwọ́. Oru rẹ̀ á wọ inú sẹ́ńsọ̀, á jó lára ìlẹ̀kẹ̀, á sì fi ohun bí yanrìn lẹ́búlẹ́bú bo kátálísì náà. Kò sí àtúnṣe kankan fún un lẹ́yìn ìyẹn. Òjé inú epo pẹtiróòlù àtijọ́ lè pa á bẹ́ẹ̀, àwọn epo tó ní phosphorus náà lè pa á. Hydrogen sulphide àti àwọn èròjà tó ní chlorine máa ń mú kó rẹ̀ ẹ́. Tí a bá gbé e síbi afẹ́fẹ́ tó mọ́, ó lè sọjí díẹ̀ tàbí pátápátá. Mo mọ ibi iṣẹ́ kan tí òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó wọn ń fi sípíréè sílíkóònù nu ojú gbogbo ẹ̀rọ aṣọ́gáàsì wọn ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ náà ń dán gbinrin. Kò sí èyí tó gbọ́ràn nínú wọn.

Ọ̀rọ̀ májèlé yìí ní ẹ̀tàn kan tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ kọ sílẹ̀. Nínú àwọn gáàsì tí à ń bá pàdé lójoojúmọ́, methane ló ṣòro jù láti mú jó. Nígbà tí kátálísì bá bẹ̀rẹ̀ sí í kú, methane ni sẹ́ńsọ̀ máa kọ́kọ́ gbàgbé, tí yóò sì ṣì máa gbọ́ propane, pentane àti hydrogen. Bí ibi iṣẹ́ yín bá ní methane, tí ẹ wá ń fi propane dán ẹ̀rọ wò, ẹ̀rọ náà lè yege lójú yín lónìí, kó má sì gbọ́ nǹkan kan lọ́la nígbà tí methane bá jò. Bí ẹ bá mọ̀ pé methane lè wà níbẹ̀, methane ni kí ẹ fi dán an wò.

Sẹ́ńsọ̀ kejì ń lo ìtànṣán infrared, ìyẹn ìtànṣán tí ojú èèyàn kò lè rí. Gáàsì tí carbon àti hydrogen so pọ̀ nínú rẹ̀ máa ń gbé ìtànṣán tó wà ní àyíká 3.3 máíkírómítà mì. Ẹ̀rọ ń tan ìtànṣán náà kọjá, ó ń wo bí ó ti ṣẹ́kù sí, ó sì ń fi wé ìtànṣán kejì tí gáàsì kì í fọwọ́ kàn. Kò nílò ọ́ksíjìn, sílíkóònù kò pa á, tí dígí rẹ̀ bá sì dọ̀tí, òun fúnra rẹ̀ sábà máa ń ké sí yín pé òun kò ríran mọ́. Ní tèmi, òun ló sún mọ́ fìtílà Davy jù ní ti òótọ́ sísọ. Àmọ́ kò rí hydrogen rárá. Yàrá tí wọ́n ti ń gba iná sínú bátìrì ńlá, níbi tí hydrogen ti ń jáde, kì í ṣe ibi tí ẹ máa gbé e sí.

Èyí tó wọ́pọ̀ nínú ilé ni ti semiconductor, sẹ́ńsọ̀ tó ń mọ gáàsì nípa bí iná mànàmáná ṣe ń gba ara rẹ̀ kọjá. Kò wọ́n, ó sì máa ń pẹ́ láyé, ṣùgbọ́n òórùn ọtí, lọ́fínńdà, oru ọ̀dà àti ọ̀rinrin máa ń tètè da orí rẹ̀ rú. Ó tún máa ń fẹ́ àkókò láti gbóná lẹ́yìn tí iná bá lọ tó sì padà wá. Ẹ má ṣe dá a lẹ́jọ́ ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́.

Ìdánwò méjì ló wà, àwọn èèyàn sì máa ń da méjèèjì pọ̀ mọ́ra wọn. Bump test ni pé kí a fún ẹ̀rọ ní gáàsì tí a mọ ìwọ̀n rẹ̀, kí a wò ó bóyá ó gbọ́, bóyá áláàmù dún, bóyá iná pupa tàn. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹ̀rọ àgbéká, ojoojúmọ́ ló yẹ kí a ṣe é fún un, kí èèyàn tó wọ ibi iṣẹ́. Calibration ni pé kí a fi gáàsì tí ìwọ̀n rẹ̀ dájú tún ohun tí ẹ̀rọ ń kọ ṣe. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta tàbí mẹ́fà mẹ́fà ni ọ̀pọ̀ ń ṣe é, ìwé tó bá ẹ̀rọ wá ló máa sọ. Níbi tí eruku, oru kẹ́míkà tàbí ooru bá pọ̀, ẹ ṣe é léraléra ju bí ìwé ṣe wí lọ. Ẹ̀rọ tó bá kùnà bump test, ẹ ṣe calibration fún un. Tó bá tún kùnà ìyẹn, ẹ pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni gbé e wọ ibi iṣẹ́ torí pé "ó ṣì ń tàn".

Bọ́tìnì tí wọ́n kọ TEST sí lára ẹ̀rọ ilé ńkọ́? Agogo àti iná rẹ̀ ló sábà ń dán wò. Kò bi sẹ́ńsọ̀ ní nǹkan kan.

Odo la máa ń kọ́kọ́ tò, a ó sì tò ó níbi afẹ́fẹ́ tó mọ́ gaara. Tí kò bá dá yín lójú pé ibẹ̀ mọ́, ẹ lo sílíńdà afẹ́fẹ́ mímọ́ tó ní 20.9% ọ́ksíjìn. Ẹni tó bá to odo nínú yàrá tí gáàsì díẹ̀ wà, irọ́ ló fi kọ́ ẹ̀rọ: lẹ́yìn náà, níbi afẹ́fẹ́ mímọ́, ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ odo. Bí ẹ bá rí ẹ̀rọ tó ń kọ −3 tàbí −5, ohun tí mo máa kọ́kọ́ fura sí nìyẹn, kí n tó fura sí sẹ́ńsọ̀.

Lẹ́yìn odo ni gáàsì. Ẹ wo ọjọ́ tí sílíńdà máa kú. Ẹ wo ohun tí wọ́n fi lú gáàsì inú rẹ̀: fún pellistor, afẹ́fẹ́ ló gbọ́dọ̀ jẹ́, tàbí àdàlù tí ọ́ksíjìn tó pọ̀ tó wà nínú rẹ̀. Methane inú nitrogen lásán kò ní jó lára ìlẹ̀kẹ̀, ẹ̀yin á sì máa rò pé sẹ́ńsọ̀ ti kú. Régúlétọ̀, ohun tó ń díwọ̀n bí gáàsì ṣe ń jáde nínú sílíńdà, èyí tó bá ẹ̀rọ mu ni kí ẹ lò. Ìdajì lítà ní ìṣẹ́jú kan ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ń gbà, ṣùgbọ́n ìwé tó bá ẹ̀rọ wá ló láṣẹ. Tó bá kéré jù, nọ́ńbà kò ní dé ibi tó yẹ; tó bá pọ̀ jù, gáàsì á tẹ sẹ́ńsọ̀, ohun tó bá kọ á ju òótọ́ lọ. Atẹ́gùn náà máa ń gbé gáàsì lọ lẹ́nu ìdérí, torí náà ẹ dí i dáadáa. Rọ́bà tí gáàsì ń gbà kọjá gbọ́dọ̀ kúrú, kó sì mọ́, torí rọ́bà mìíràn máa ń mu oru epo sínú, á tún máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì tó máa tún nọ́ńbà ṣe, ẹ kọ ohun tí ẹ̀rọ kà sílẹ̀ ná. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ kì í ṣe èyí, èmi sì kà á sí ohun tó wúlò jù nínú gbogbo iṣẹ́ calibration. Tí ẹ bá fún un ní 50 tó kọ 48, tó sì di 43 nígbà tó tẹ̀ lé e, tó wá di 36, ìwé yín ti sọ fún yín pé sẹ́ńsọ̀ yẹn ń kú lọ. Ẹni tó kàn ń tún un ṣe padà sí 50 láìkọ nǹkan kan, gbogbo ìgbà ni yóò máa rò pé ara rẹ̀ yá. Ẹ tún fi aago wo bó ṣe yára tó. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ máa ń kọ iye ìṣẹ́jú àáyá tó yẹ kó fi dé 90% nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn, wọ́n ń pè é ní T90. Tí ẹ̀rọ bá dé 50 ṣùgbọ́n tó ń fi ẹsẹ̀ wọ́ débẹ̀, ó lè má jẹ́ sẹ́ńsọ̀ rárá: asẹ́ irin ẹnu rẹ̀ ni eruku, epo, ọ̀dà tàbí ilé kòkòrò ti dí.

Ẹ jẹ́ ká wá sí àìsàn fúnra rẹ̀. Áláàmù dún, ẹ kò sì gbóòórùn nǹkan kan. Ẹ gbà pé òótọ́ ni. Imú kì í ṣe ẹlẹ́rìí: methane fúnra rẹ̀ kò ní òórùn, oògùn olóòórùn ni wọ́n ń fi sí i kó tó dé ilé èèyàn. Lẹ́yìn tí ilé ẹ̀kọ́ kan ní New London, Texas, bú gbàmù ní 1937 nítorí gáàsì tí kò ní òórùn, tó sì pa nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún èèyàn, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọdé, ni òfin fífi òórùn sí i fìdí múlẹ̀. Imú tún máa ń sú òórùn tó bá pẹ́ níbẹ̀. Nítorí náà ẹ jáde, ẹ má fọwọ́ kan súìṣì iná, ẹ gbé ẹ̀rọ kejì tí ẹ ti ṣe bump test fún wá, kí ẹ fi wádìí láti ìta wọlé. Àìtètèmólè, olè ń mólóko. Ìgbà tí ẹ̀rọ kejì bá fi hàn pé kò sí nǹkan kan ni ẹ tó lè bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ẹ̀rọ àkọ́kọ́: bóyá wọ́n ń kun ọ̀dà nítòsí, bóyá wọ́n fi kẹ́míkà nu ilẹ̀, bóyá bátìrì ńlá ń gba iná, bóyá rédíò alọbọ̀ ń da wáyà rẹ̀ láàmú, bóyá omi ti wọ inú àpótí tí wáyà ti pàdé. Tí áláàmù bá ń dún ní àkókò kan náà lójoojúmọ́, ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ní àkókò náà kí ẹ tó tú ẹ̀rọ.

Ti ẹ̀rọ tí wọ́n kàn mọ́ ògiri, tó ń ránṣẹ́ sí páńẹ́ẹ̀lì, ìyẹn àpótí ìdarí, mítà tó ń wọn iná mànàmáná ni yóò yanjú púpọ̀ nínú rẹ̀. Lórí wáyà 4–20 mA, níbi tí ìwọ̀n iná mànàmáná (mA, ìyẹn milliampere) ti ń dúró fún nọ́ńbà ojú ẹ̀rọ, 4 ni odo, 12 ni 50% LEL, 20 ni ọgọ́rùn-ún. Bí mítà bá kà 0, wáyà ti já tàbí iná kò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ. Bí ó bá kà nǹkan kan láàárín 0 sí 4, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló ń sọ pé òun ṣàìsàn tàbí pé wọ́n ń tọ́jú òun lọ́wọ́; ìwé rẹ̀ á túmọ̀ nọ́ńbà náà. Ẹ fún un ní gáàsì tó yẹ kó kọ 50. Bí ojú ẹ̀rọ bá kọ 50, tí mítà kà 12, tí páńẹ́ẹ̀lì wá ń kọ 30, páńẹ́ẹ̀lì ni kí ẹ lọ bá, ẹ fi sẹ́ńsọ̀ sílẹ̀. Bí ojú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ bá kọ 30, ẹ má wulẹ̀ tọ wáyà lọ. Ìgbà mìíràn, wáyà ló gùn jù tó sì tín-ín-rín jù, tí fóltéèjì 24 tó kúrò ní páńẹ́ẹ̀lì kò fi tó mọ́ nígbà tó dé ẹ̀rọ. Ẹ wọn ọ́n lẹ́nu ẹ̀rọ, nígbà tí áláàmù ń dún. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rọ ń jẹ iná jù.

Ẹ̀rọ tó ní pọ́ǹpù, ẹ fi ìka dí ẹnu rọ́bà rẹ̀. Pọ́ǹpù gbọ́dọ̀ ké. Tí kò bá ké, ibì kan ń jò, afẹ́fẹ́ tí ó ń fà kì í ṣe ti ibi tí ẹ sọ rọ́bà sí. Rọ́bà gígùn tún ń fẹ́ sùúrù kí gáàsì tó dé ẹ̀rọ.

Ibi tí wọ́n gbé ẹ̀rọ sí náà lè jẹ́ àìsàn. Methane fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ lọ, òkè ló ń lọ. Propane, butane àti oru pẹtiróòlù wúwo, ilẹ̀ ni wọ́n ń rá lọ, inú kòtò ni wọ́n ń sápamọ́ sí. Sẹ́ńsọ̀ tó yege gbogbo ìdánwò, tó wá wà lókè níbi tí propane ti lè jò, ẹ bá mi sọ ohun tó ń ṣọ́.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ tó so mọ́ páńẹ́ẹ̀lì, ẹ sọ fún àwọn tó wà ní yàrá ìdarí, kí wọ́n dá àṣẹ tí áláàmù yẹn fi ń ti fáàfù tàbí fi ń pa ẹ̀rọ mìíràn dúró fúngbà díẹ̀, kí ìdánwò yín má baà pa gbogbo ilé-iṣẹ́. Ẹ má ṣí àpótí ẹ̀rọ tí iná wà nínú rẹ̀ níbi tí gáàsì lè wà. Tí ẹ bá parí, ẹ dá ohun gbogbo padà. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá 2005, ní Buncefield nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, táńkì pẹtiróòlù kan kún àkúnwọ́sílẹ̀. Ohun tó ń wọn epo inú rẹ̀ ti há, nọ́ńbà kan náà ló ń kọ bí epo ṣe ń ya wọlé. Ohun kejì tó yẹ kó dá epo dúró kò ṣiṣẹ́, nítorí pé àgádágodo tó yẹ kó di apá ìdánwò rẹ̀ mú sí ipò iṣẹ́ kò sí níbẹ̀. Oru epo bo ilẹ̀, ó sì bú gbàmù ní kùtùkùtù. Ó lé ní ogójì èèyàn tó farapa. Ẹ wo ohun méjì tó dákẹ́ níbẹ̀: ìkan há, wọ́n dán ìkejì wò wọn kò sì dá a padà bó ṣe yẹ. Nítorí náà, ohun tó kẹ́yìn nínú iṣẹ́ calibration ni pé kí ẹ lọ síwájú páńẹ́ẹ̀lì, kí ẹ fi ojú ara yín rí i pé kò sí àṣẹ áláàmù kankan tí wọ́n ṣì dá dúró níbẹ̀.

Ìbéèrè méjì ni mo gbà sílẹ̀ kí n tó dìde. Ẹnìkan ní ṣé òun lè fi láítà tí wọ́n fi ń tan sìgá ṣe bump test, torí gáàsì ló wà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Kò sẹ́ni tó mọ ìwọ̀n gáàsì tó ń jáde níbẹ̀, butane tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní afẹ́fẹ́ ni. Ó lè jó ìlẹ̀kẹ̀ náà ní àjókù tàbí kó yí odo rẹ̀ padà, kò sì ní sọ fún yín bóyá ẹ̀rọ máa gbọ́ methane ní 10% LEL. Ariwo tó bá pa, ariwo lásán ni.

Ìkejì béèrè ohun tí òun máa ṣe sí ẹ̀rọ àtijọ́ tí òun bá nínú yàrá ìkẹ́rùsí, tí kò sí ìwé kankan pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n ṣe sẹ́ńsọ̀. Pellistor sábà máa ń lo ọdún mẹ́ta sí márùn-ún. Ti inú ilé, ẹni tó ṣe é á ti kọ ọjọ́ ìpààrọ̀ sí i lára. Bí ọjọ́ bá ṣì wà nílẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbóná dáadáa, ẹ to odo rẹ̀, ẹ fún un ní gáàsì, ẹ kọ ohun tó kà. Bí ọjọ́ bá ti kọjá, ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò: ẹ yọ bátìrì rẹ̀, ẹ gé wáyà rẹ̀, ẹ fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ sí i lára pé ó ti kú, kí ẹlòmíràn má baà tún gbé e kọ́ ògiri.